Láti asọ̀rọ̀mágbèsì dé hóòmù tíátà: Ohun tójú àwọn tó ra ẹ̀rọ orin ti rí ní Nàìjíríà

Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Nàìjíríà, yálà ní Kánò, Port Harcourt, Ìbàdàn tàbí Jos, ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n ta aṣọ bo orí rẹ̀ kí eruku má baà kó sí i, wọ́n gbé sitabiláísà sí ìdí rẹ̀ kí iná má baà jó o, rìmóòtù rẹ̀ sì ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá a wá láti ọjà.

Rìsífà ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Òun ló máa ń gba ohùn láti inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fídíò tàbí fóònù, tó máa fún ohùn náà lágbára, tó sì máa pín in fún àwọn sípíkà tó wà káàkiri yàrá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í pè é ní rìsífà rárá. "Áńpù" tàbí "dẹ́ẹ̀kì" ni wọ́n ń pè é. Bí òun àti àwọn sípíkà rẹ̀ bá jọ wá nínú páálí kan ṣoṣo, ó di "hóòmù tíátà".

Tí a bá wo ìtàn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ orin nílé láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, ohun kan ló ń tún ara rẹ̀ ṣe: owó tí èèyàn fi ra ẹ̀rọ kì í ṣe òpin ìnáwó. Iná, iye tí náírà jẹ́ àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ló ń sọ bóyá ẹ̀rọ yóò ké tàbí yóò di ẹrù inú ilé.

Àpótí tí wọ́n ń háyà

Kí rédíò tó dé, giramafóònù ni àwọn tó rí jájẹ fi ń gbọ́ orin nílé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wáìndì rẹ̀, kò nílò iná kankan. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London lọ́dún 1922, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Rediffusion dé. Freetown ní Sierra Leone rí i ní 1934. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1935, Gómìnà Arnold Hodson ṣí ilé iṣẹ́ ZOY ní Accra, nǹkan bí 300 oníbàárà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1935 yìí náà ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó dé Ìbàdàn ní 1939, ó sì dé Kánò ní 1944.

Wáyà ni wọ́n nà láti ilé iṣẹ́ náà lọ sí ilé àwọn oníbàárà, wọ́n á wá so ó mọ́ àpótí kan tí sípíkà wà nínú rẹ̀. Ètò BBC láti London ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde níbẹ̀. Olóhun lè yí ohùn rẹ̀ sókè tàbí kó yí i sílẹ̀, àmọ́ kò lè yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ rédíò, ìyẹn asọ̀rọ̀mágbèsì, bá àpótí yìí mu gan-an.

Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó. Àpótí kì í ṣe tiwọn, nítorí náà àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe wàhálà wọn. Ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tiwọn ni wàhálà náà di tiwọn.

Rédíògíráàmù di ọ̀ṣọ́ pálọ̀

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, rédíògíráàmù ni ẹ̀rọ tí àwọn akọ̀wé, tíṣà àgbà àti oníṣòwò ń lé. Àpótí onígi ńlá ni, bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Rédíò wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí àwo wà nínú rẹ̀, sípíkà náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì bíi Grundig àti Telefunken wà lára àwọn tí orúkọ wọn dún jù.

Ohun tó wà láti gbọ́ náà ń pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní 1951, tẹlifíṣọ̀n WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Àwo orin tó gùn, tó lè gba orin nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójú kan, ti jáde ní Amẹ́ríkà láti 1948. Àwo sítẹríò, tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì, dé ọjà ní 1958.

Àmọ́ rédíògíráàmù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìlú ńlá ni iná wà nígbà yẹn, nítorí náà ìlú ńlá ni ẹ̀rọ náà pọ̀ sí. Àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kí ohùn tó jáde, bí ọ̀kan bá sì jó, ẹ̀rọ á dákẹ́ títí wọ́n á fi rí òmíràn rà.

Tìránsísítọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, rédíò kékeré tó ń lò ó sì dé ọjà ní 1954. Bátìrì ló ń lò. Láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ tó wà nínú oko àti darandaran tó wà nínú igbó ti lè gbọ́ rédíò láìdúró de iná.

Nígbà tí wọ́n kéde ìfipágbàjọba lórí rédíò ní Kaduna ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966, àti jálẹ̀ ogun abẹ́lé tó wáyé láàárín 1967 sí 1970, rédíò oníbátìrì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Owó Udoji àti ẹ̀rọ láti Japan

Ọdún 1975 ni ẹ̀rọ orin ńlá wọ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́pọ̀ yanturu.

Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá àfikún owó oṣù. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fọwọ́ sí i ní ìparí 1974. Wọ́n ka àfikún náà láti oṣù Kẹrin ọdún náà, nítorí náà nígbà tí owó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àjẹẹ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Káàkiri Nàìjíríà ni orúkọ "Udoji" ti di orúkọ owó tó dé lójijì.

Àwọn kan ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù. Àwọn mìíràn ra tẹlifíṣọ̀n, fáànù, fìríìjì àti ẹ̀rọ orin. Japan ló ń ṣe èyí tó gbayì jù nínú àwọn ẹ̀rọ orin náà lásìkò yìí: Sansui, Pioneer, Akai, Kenwood.

Rìsífà ọdún wọ̀nyẹn wúwo. Iwájú rẹ̀ jẹ́ irin tó ń dán, iná aláwọ̀ búlúù tàbí ewé ń tàn níbi tí wọ́n ti ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Inú rẹ̀ ni tiransifọ́mà ńlá kan wà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ yòókù sì ni èèyàn lè fi ojú lásán rí, kó yọ ọ́, kó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ra á kò lè yọ nínú rẹ̀ ni ọ̀wọ́ngógó. Bí owó ṣe pọ̀ níta ni iye ọjà ń lọ sókè. Ní 1975, ọjà gbówó lórí ní Nàìjíríà ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì pé kí wọ́n fún àwọn náà ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ ilé ló wá rí i pé owó ti tán, ẹ̀rọ orin ló kù.

Ẹ̀rọ orin gẹ́gẹ́ bí owó ìpamọ́

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kì í ṣe fún ijó nìkan mọ́. Ó di ohun tí èèyàn lè tà nígbà ìṣòro.

Èyí hàn gbangba ní oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà. Ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Tíṣà, bíríkìlà, télọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ wà lára wọn. Wọ́n gba Seme kọjá sí Benin àti Togo. Yàtọ̀ sí aṣọ inú àpò tí wọ́n padà ń pè ní "Ghana Must Go", ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé rédíò, kásẹ́ẹ̀tì àti sípíkà lórí.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lè bi ara rẹ̀ pé kí ni èèyàn tó ń sá lọ fẹ́ fi sípíkà ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú ẹrù náà. Ọjà ń wọ́n gógó ní Ghana nígbà yẹn, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sì lè di oúnjẹ tàbí owó ilé bí olóhun bá délé.

Náírà já wálẹ̀, "tòkunbọ̀" gba ọjà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà tuntun fún pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Kí ọjà náà tó bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tó náírà méjì. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti lé ní náírà mẹ́ta, kò sì dúró síbẹ̀.

Rìsífà tuntun láti Japan kúrò ní ohun tí owó oṣù tíṣà lè kájú. Èyí ló fa ẹ̀rọ àlòkù wọlé.

"Tòkunbọ̀" ni wọ́n ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tó wá padà sílé, ni wọ́n fún ọkọ̀, fìríìjì àti ẹ̀rọ orin, tí gbogbo Nàìjíríà sì gbà á. "Belgium" ni àwọn mìíràn ń pè é, nítorí ibi tí púpọ̀ nínú ẹrù náà ti ń wọkọ̀ ojú omi.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti kó lọ sí Ọ̀jọ́ ní Èkó láti ìparí àwọn ọdún 1970, níbi tí ọjà Àlàbá International wà. Láti ibẹ̀ ni ẹrù ti ń lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà, ó sì ń kọjá bodè.

Àmọ́ tòkunbọ̀ ní ìdẹkùn tirẹ̀. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi volt 120, ti Japan jẹ́ 100, ti Nàìjíríà sì wà láàárín 220 sí 240. Ẹni tó bá ki ẹ̀rọ tó wá láti Amẹ́ríkà bọ iná ilé rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí.

Àwọn tó gbọ́n ra tiransifọ́mà kékeré tó ń dín iná kù. Ọgbọ́n yìí náà ní ewu tirẹ̀, nítorí kò ju kí àlejò kan yọ wáyà kúrò lára tiransifọ́mà láti fi ẹ̀rọ náà bọ ojú iná lára ògiri, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Wáàtì orí páálí

Bí tòkunbọ̀ ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kan ọjà, ẹ̀rọ tuntun olówó pọ́ọ́kú láti Éṣíà gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Nǹkan tó wà lára páálí wọn ni nọ́ńbà ńlá: wáàtì 1,000, wáàtì 3,000, wáàtì 5,000.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà mẹ́rin sí: PMPO. Ohun tó túmọ̀ sí ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè ní fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré jọjọ, bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe agbára tó fi ń kọrin láti àárọ̀ di alẹ́.

Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1974, àjọ FTC ṣe òfin nípa bí ilé iṣẹ́ ṣe gbọdọ̀ wọn wáàtì kí wọ́n tó fi polówó ọjà. Òfin náà kò de páálí tó ń bọ̀ ní Àlàbá.

Ọ̀nà ìdánwò kan wà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń la àwọn oníbàárà lọ́yẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń fà sí. Ẹ̀rọ tí kò fà ju wáàtì 60 lọ lára ògiri kò lè máa fún sípíkà ní wáàtì 5,000. Wọ́n á tún ní kó gbé e wò, nítorí tiransifọ́mà gidi máa ń wúwo.

Sípíkà ẹ̀yìn tí kò sọ̀rọ̀

Ilé sinimá ni hóòmù tíátà ti wá. Ilé iṣẹ́ Dolby ti ń ṣe ohùn tó ń yí àwọn òǹwòran ká fún sinimá láti àwọn ọdún 1970. Ní 1982 ó gbé irú rẹ̀ wá fún ilé, ó sì gbé Pro Logic jáde ní 1987. Nígbà tí ike DVD dé ọjà ní Japan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ohùn ọ̀nà mẹ́fà ti ṣeé gbé wọ pálọ̀: sípíkà mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, àti wúfà kan fún ohùn ìsàlẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní 1992. Oníṣòwò Kenneth Nnebue gbé fíìmù Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó tà wàràwàrà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n padà pè ní Nollywood sì gbèrú. Sinimá ti kúrò níta, ó ti wọ pálọ̀. Kò yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn èèyàn fẹ́ kí ohùn rẹ̀ tóbi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ní ìjákulẹ̀ ni pé wọ́n ra sípíkà márùn-ún, wọ́n na wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn sípíkà ẹ̀yìn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á, wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àwọn fíìmù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò ní ohùn fún ẹ̀yìn. Ọ̀nà kan tàbí méjì péré ni wọ́n gba ohùn sí. Rìsífà tó ní Pro Logic lè dọ́gbọ́n pín ohùn méjì náà káàkiri. Èyí tí kò ní i yóò fi sípíkà ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iná ló ń pa ẹ̀rọ

Nínú gbogbo ohun tó ń ba ẹ̀rọ orin jẹ́ ní Nàìjíríà, kò sí èyí tí àwọn tó ni ín mọ̀ tó iná.

Ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì fà á lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ yí padà, síbẹ̀ "NEPA ti gbéná lọ" ni àwọn èèyàn ṣì ń sọ.

Kì í ṣe ìgbà tí iná lọ ló léwu jù, bí kò ṣe ìgbà tó bá dé. Ó lè dé pẹ̀lú agbára tó ju ti ẹ̀rọ lọ, kó jó fíúsì tàbí kó wú àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀. Ó sì lè dé ní ìdajì, kí ohùn máa gbọ̀n.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ilé fi ní òfin tiwọn: yọ wáyà lára ògiri bí iná bá lọ, dúró díẹ̀ bó bá dé, wo sitabiláísà kó o tó tan ẹ̀rọ. Àwọn ará Ghana náà kọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà "dumsor", ìyẹn ọ̀wọ́n iná tó bá orílẹ̀-èdè náà jà láàárín ọdún 2012 sí 2016.

Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" gba àwọn kan sílẹ̀. Àmọ́ wúfà tó bá lu ìlù ńlá máa ń fa iná lójijì, gílóòbù ilé á ṣẹ́jú, ẹ̀rọ amúnáwá náà á sì kérora.

Ta ni yóò tún un ṣe?

Láàárín ẹ̀rọ tó jó àti ààtàn, ẹnì kan ló dúró: ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ó ní tábìlì kan, irin tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, àti òkìtì ẹ̀rọ tó ti kú tó ń yọ ẹ̀yà ara wọn láti fi jí òmíràn. Ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí rìsífà ìgbà Udoji kan ṣì máa kọrin títí di òní.

Iṣẹ́ wọn ti ń le sí i. Nínú ẹ̀rọ òde òní, ohun tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ lè jẹ́ ègé kékeré kan tí kò ju èékánná lọ. Bó bá jó, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí òmíràn, wọ́n á ní kí olóhun lọ ra tuntun. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míì: rìsífà tí kò ní ojú ihò HDMI, tó jẹ́ ọ̀gá ní 2000, kò lè bá tẹlifíṣọ̀n tuntun sọ̀rọ̀ tààrà.

Ibi tí èyí ń kó ilẹ̀ Áfíríkà sí kò pamọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó dé. Ní Accra, Agbogbloshie, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ kí ìjọba tó lé wọn kúrò níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021.

Lónìí, sípíkà Bluetooth tí wọ́n ń sa iná sí ti ń gba ipò rìsífà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kò nílò sitabiláísà, iná tó lọ kò sì dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ púpọ̀ nínú wọn pa, bí bátìrì inú rẹ̀ bá sì kú, ààtàn ló kù.

Nítorí náà, wáàtì tó wà lára páálí kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà béèrè. Ohun tí àwọn tó ra ẹ̀rọ ṣáájú rẹ̀ ti fi owó kọ́ láti 1975 ni pé kó kọ́kọ́ mọ irú iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ, ibi tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà, àti ẹni tó lè tú u ní àdúgbò rẹ̀, tó sì lè tò ó padà.